A KÌ Í FI INÁ SÓRÍ ÒRÙLÉ SÙN

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sọ ní Ọ̀rẹ̀, lórí iná ẹ̀ẹ̀rùn àti ohun tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe sí i

 

Nígbà tí ẹ gbọ́ pé àpapọ̀ ẹgbẹ́ ń rán ènìyàn bọ̀ ní Ọ̀rẹ̀, ó dájú pé ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ọ̀rọ̀ owó yíyá tàbí iye tí wọn yóò ra kòkó ni a ń gbé bọ̀. Ọ̀rọ̀ owó náà ni a bá wá, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni a gbà wọlé. Iná ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: iná tí ń ti inú igbó jó wọ oko, tí ń ti oko jó wọ abúlé, tí a kì í sì í rántí àfi nígbà tí èéfín bá ti bo ojú ọ̀run. Àwọn àgbà sọ pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bí a bá wo bí oko wa ti ń rí láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹta, a ó rí i pé orí òrùlé gan-an ni iná wà, àwa sì ni a sùn sábẹ́ rẹ̀.

IBI TÍ A TẸ̀DÓ SÍ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí a wà. Ọ̀rẹ̀ ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó. Ìlú oríta ni. Ọ̀nà tí ó ti Ṣàgámù wá gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Bìní. Ọ̀nà Oǹdó sọ̀ kalẹ̀ wá láti òkè, ọ̀nà Okìtìpupa sì lọ sí ìsàlẹ̀, síhà odò àti òkun. Nítorí oríta yìí ni àwọn ọmọ ogun ṣe dojú kọ ara wọn níbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, tí orúkọ Ọ̀rẹ̀ fi di ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ṣe àpèjúwe ìjà tó le. Ìdí tí ogun fi jà níbẹ̀ náà ni ìdí tí iná fi lè ṣe wá ní jàǹbá níbẹ̀. Ohun tí ó bá dí oríta, ọ̀nà mẹ́rin ni ó dí lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́yìn ìlú, igbó ni. Igbó ọba Olúwa, tí àwọn ènìyàn ń pè ní rìsáàfù, ju 80,000 hẹ́kítà lọ. Ti Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́ kò sì jìnnà sí wa. Nígbà kan rí, igbó dúdú ni gbogbo rẹ̀. Òjìji igi ńlá kò jẹ́ kí oòrùn kan ilẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì tutù tó bẹ́ẹ̀ tí iná kò fi lè rìn nínú rẹ̀. Lónìí, a ti gé púpọ̀ nínú àwọn igi ńlá náà. Wọ́n gbin igi Gmelina sí apá kan, kí ilé-iṣẹ́ ìwé ti Ìwópin lè rí igi fi ṣe ìwé. A dá oko kòkó, oko ọ̀pẹ, oko ẹ̀gẹ́ àti oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí apá mìíràn. Oko rọ́bà wà ní Aráròmí-Obù. Níbi tí a sì gé igi sí tí ẹnikẹ́ni kò gbin nǹkan kan, ewé Akíntọlá ni ó gbà á.

Ẹ̀yin náà mọ ewé yìí, ẹ sì mọ bí ó ti ń rùn bí a bá fi àdá ṣá a. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1937 ni ó bá èso igi Gmelina tí wọ́n kó láti Sílónì, èyí tí a ń pè ní Sri Lanka nísinsìnyí, wọ ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹrù kan náà ni igi tí a fẹ́ àti ewé tí a kò fẹ́ fi dé. Nígbà òjò, ewé Akíntọlá ń dí ọ̀nà mọ́ wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀pá rẹ̀ a gbẹ lóòró, ewé rẹ̀ a kú sórí rẹ̀, iná a sì gbà á bí ìgbà tí ó gba òwú. Bí ewé yìí bá so ẹ̀gbẹ́ títì pọ̀ mọ́ oko, tí ó tún so oko pọ̀ mọ́ ẹ̀yìnkùlé ilé, okùn iná ni a ta yẹn, a kò kàn tíì ṣá ná sí i ni.

OHUN TÍ ỌDÚN 1983 FI HÀN WÁ

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níhìn-ín rántí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1982 wọ 1983. Òjò tètè lọ, ó sì pẹ́ kí ó tó padà. Ọyẹ́ le, ewé sì wọ́ dànù lórí igi tí kì í wọ́wé. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Láti Côte d'Ivoire dé Gáná, dé Tógò, títí kan ilẹ̀ Yorùbá, iná jó wọ inú igbó tí àwọn baba wa rò pé kò lè jó láéláé. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Èkìtì ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, oko kòkó bá a lọ.

Gáná ni ó fojú winá rẹ̀ jù. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983 náà ni ìjọba wa pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ sí ilé wọn, tí nǹkan bí mílíọ̀nù kan ará Gáná fi kó ẹrù wọn padà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣe lébìrà nínú oko wa. Ilẹ̀ tí ó ti jó àti ebi ni wọ́n bá nílé. Ní ìkórè 1983 wọ 1984, gbogbo kòkó tí Gáná rí kó jẹ́ nǹkan bí 159,000 tọ́ọ̀nù péré; ilẹ̀ kan náà yìí sì ti kó ju 500,000 tọ́ọ̀nù lọ ní ìkórè 1964 wọ 1965. A kò sọ pé iná nìkan ni ó fà á. Owó tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ kò tó nǹkan, igi ti gbó, ọ̀dá sì dá. Ṣùgbọ́n igi tí ó gbó ṣì lè so, igi tí ọ̀dá mú ṣì lè padà rúwé. Èyí tí iná pa ti lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí kòkó jó, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni àwọn àgbẹ̀ gbìn síbẹ̀, wọn kò sì padà sí kòkó mọ́.

Kí ni Gáná wá ṣe? Ní ọdún 1983 náà ni ìjọba wọn ṣe òfin lórí iná igbó, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 1990. Wọ́n rí i pé kò sí ìjọba tí ó lè fi mọ́tò panápaná sí ẹnu ọ̀nà gbogbo abúlé, nítorí náà wọ́n kó àwọn ará abúlé jọ, wọ́n kọ́ wọn ní iná pípa, wọ́n sì fi ìṣọ́ oko lé wọn lọ́wọ́. Èyí ni ẹ̀kọ́ tí ó kàn wá. Ẹni tí ó sún mọ́ iná jù ni panápaná àkọ́kọ́, ìbáà gbà, ìbáà kọ̀.

BÍ INÁ TI Ń PA KÒKÓ, ÀTI BÍ Ó TI Ń PA ẸGBẸ́

Àwọn kan máa ń sọ pé iná tí kò ga ju kókósẹ̀ lọ kò lè ṣe kòkó ní nǹkan kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èèpo kòkó fẹ́lẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, igi náà a máa wọ́wé, ewé náà a sì ga nílẹ̀ títí bo ẹsẹ̀. Iná tí ń rọra jẹ ewé yìí lọ, tí kò pariwo, tí kò gun igi, a máa dúró pẹ́ ní ìdí igi. Ooru rẹ̀ ni ó ń se èèpo yẹn. Ẹ ó wo igi náà lọ́jọ́ kejì, ẹ ó rò pé ó yè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ewé rẹ̀ yóò pọ́n, yóò sì gbẹ. Kòkó tuntun tí a bá gbìn dípò rẹ̀ yóò tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó so. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ọmọ yóò jẹun, yóò sì lọ sí ilé-ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a wá wò ó láti inú ìwé ẹgbẹ́. Lágbájá yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó ní òun yóò san án nígbà ìkórè. Tẹ̀mẹ̀dù àti Làkáṣègbè ni ó ṣe onídùúró fún un. Ta ni Tẹ̀mẹ̀dù? Ẹni tí oko rẹ̀ bá ti Lágbájá pààlà ni. Ta ni Làkáṣègbè? Ìbátan rẹ̀ tí oko rẹ̀ wà ní ìhà kejì odò kékeré ni. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ó mọ̀ wá ni í dúró fún wa. Ṣùgbọ́n bí iná bá jó oko Lágbájá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ó jó ti Tẹ̀mẹ̀dù, ó sì lè fò dé ti Làkáṣègbè. Onígbèsè kò ní owó, onídùúró kò ní owó, owó tí ó bọ́ sí wọn lọ́wọ́ sì jẹ́ owó tí opó kan àti ẹlẹ́rù kan ń dá sínú ẹgbẹ́ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan péré, ẹgbẹ́ tí a fi ogún ọdún kọ́ lè di ẹgbẹ́ tí kò lè dá owó ọmọ ẹgbẹ́ padà. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé ọ̀rọ̀ owó ni a bá wá.

TA NI Ó Ń DÁ INÁ NÁÀ?

Bí iná bá jó tán, ohùn kan náà ni a máa ń gbọ́: àlejò ni ó dá a, ọdẹ ni, Fúlàní ni, àwọn tí wọ́n wá rẹ́ pákó ni. A bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ níhìn-ín. Nígbà ọyẹ́, bí iná kò bá sí lọ́wọ́ ènìyàn, kì í sábàá sí nínú igbó. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ń ti wá, ọwọ́ wa náà sì wà níbẹ̀.

Ẹni tí ń sun ilẹ̀ oko tuntun ní ọ̀sán gangan tí oòrùn mú, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ọmọ ẹgbẹ́ ni nígbà mìíràn. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n fi iná lé òkété àti eku jáde nínú ihò, inú ilé wa ni wọ́n ti jáde. Ẹni tí ń fi ìtùfù lé oyin kúrò kí ó lè rí afárá gbé, ẹni tí ń se oúnjẹ lébìrà sí ẹ̀gbẹ́ oko tí kò bu omi pa ààrò kí ó tó kúrò, ẹni tí ń sun èédú, ẹni tí ó ju ìdí sìgá sílẹ̀ láti ojú fèrèsé mọ́tò lórí títì Bìní, gbogbo wọn ni wọ́n ń dá iná. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lépa eku. Ti àwa ní agbègbè yìí tún burú díẹ̀ sí i: nítorí à ń lépa eku ni ilé fi ń jó.

Òfin ilẹ̀ yìí ka fífi ìmọ̀ọ́mọ̀ dáná sun irè oko ẹlòmíràn sí ọ̀ràn ńlá, ilé ẹjọ́ sì ni ó ni ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú iná wa kì í ṣe ti ìkà. Ti àìbìkítà ni. A kì í fi ọlọ́pàá wo àìbìkítà sàn. Àdéhùn láàárín ara wa ni a fi ń wò ó.

KÍ Ẹ̀Ẹ̀RÙN TÓ DÉ

Iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù nínú iná pípa ni èyí tí a ṣe kí iná tó wà rárá. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀, ní oṣù Kọkànlá, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ro ààlà iná yí oko rẹ̀ ká. Kí ààlà náà fẹ̀ tó ìlọ́po méjì gíga ewéko tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kéré tán. Bí ewé Akíntọlá bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ẹ jẹ́ kí ààlà fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlógún. Ṣíṣán nìkan kò tó. Kí a fi ọkọ́ họ ọ́ títí ilẹ̀ pupa yóò fi hàn, kí a sì kó pàǹtí rẹ̀ sí ìhà inú igbó tàbí kí a rì í mọ́lẹ̀. Ewé gbígbẹ tí a fi sílẹ̀ lójú ààlà, afárá ni a fi sílẹ̀ fún iná.

Oko méjì tí ó pààlà kò nílò ààlà méjì. Kí àwọn olóko méjèèjì pawọ́ pọ̀ ro ọ̀kan tí ó fẹ̀ dáadáa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò tí a gbìn sí etí ààlà ń ṣe ìrànlọ́wọ́, nítorí omi ni ó kún inú ọ̀pá wọn, iná kì í sì í tètè gbà á. Ṣùgbọ́n ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó gbẹ tí ó ń fì lára rẹ̀, kí a gé e sílẹ̀ kí a kó o kúrò. Ní abúlé, kí a ro ìyíká ilé, kí a má ṣe to igi ìdáná ti ògiri, kí a sì kó oògùn kòkó àti epo bẹntiróòlù kúrò nínú ilé tí ènìyàn ń sùn. Èéfín oògùn kòkó tí ó ń jó lè pa ènìyàn kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ sun ilẹ̀, kí ó sọ fún alága ẹgbẹ́ àti àwọn tí oko wọn yí i ká, kí ọjọ́ tó pé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ó sun ún, nígbà tí atẹ́gùn bá ti rọ̀. Kí ó ro ààlà yí i ká tán. Kí ó ṣá iná náà sí ìhà tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ, kí iná lè máa rọra jó padà bọ̀ lòdì sí atẹ́gùn, kí ó má baà sáré. Kí ènìyàn márùn-ún wà níbẹ̀ pẹ̀lú omi, kí wọ́n má sì kúrò títí tí èéfín yóò fi tán. Ẹ rántí pé ọyẹ́ ń fẹ́ wá láti òkè ní ìhà ìlà oòrùn, ṣùgbọ́n òkun kò jìnnà sí wa; atẹ́gùn òkun lè wọlé ní ọ̀sán kí ó sì yí iná lójú padà. Ẹni tí ń wo ibi tí iná ń lọ ní òwúrọ̀ nìkan lè bá a lẹ́yìn ara rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

NÍ ỌJỌ́ INÁ

Bí èéfín bá yọ, ohun àkọ́kọ́ ni kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Kí abúlé kọ̀ọ̀kan ní ìró kan tí a mọ̀ mọ iná: agogo ìjọ, ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí, tàbí àgbá irin tí a so mọ́ igi. Kí akọ̀wé ní nọ́ḿbà fóònù àwọn panápaná, ti àgọ́ ọlọ́pàá, ti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ àti ti àwọn òṣìṣẹ́ igbó, kí ó kọ ọ́ sí ojú pátákó ẹgbẹ́. Nọ́ḿbà 112 ni ìjọba àpapọ̀ fi lélẹ̀ fún ìpè pàjáwìrì káàkiri orílẹ̀-èdè. Bí a bá pè, kí a sọ ibi tí iná wà, ohun tí ń jó, ibi tí ó dorí kọ, àti ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà. Kí ẹnì kan lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà títì láti júwe ọ̀nà fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe káwọ́ gbera dè wọ́n. Mọ́tò panápaná kò lè wọ ojú ọ̀nà oko tí kẹ̀kẹ́ ń fi ìnira gbà.

Ohun kejì ni ẹ̀mí. Kí a tó gbé àdá, kí a ti kó arúgbó, aboyún, ọmọdé àti aláìsàn lọ sí ibi tí a ti fi ohùn ṣọ̀kan sí ṣáájú: pápá ilé-ìwé, ojú ọjà, ibi gbalasa tí kò ní ewéko. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n dúró de ẹrù. Ní ìlú Paradise ní Kalifọ́níà, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, iná dé láàárín wákàtí díẹ̀, mọ́tò dí ojú ọ̀nà, ènìyàn 85 sì kú nínú iná náà. Ní ilẹ̀ Pọtogí ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, ènìyàn 66 ni ó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí iná bá lójú títì níbi tí wọ́n ti ń sá lọ. Ilẹ̀ tí ó ní ọkọ̀ òfurufú tí ń da omi sí iná ni ilẹ̀ méjèèjì. Ohun tí ó pa wọ́n ni pé iná yá ju bí wọ́n ti rò lọ, ọ̀nà sì kéré. Bí èéfín bá bo títì Bìní, kí àwọn ọ̀dọ́ tí a ti yàn lọ pẹ̀lú aṣọ pupa sí ìhà méjèèjì, ní ọ̀nà jíjìn sí èéfín náà, kí wọ́n dá mọ́tò dúró títí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó àti ọlọ́pàá yóò fi dé. Tánkà epo kan tí ó bá wọ inú èéfín tí kò rí iwájú, iná mìíràn ni ó gbé bọ̀.

Ohun kẹta ni iná pípa fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kí ó máa pàṣẹ, kí a sì ti yàn án kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá wọ inú èéfín. Ní méjì méjì ni kí a máa lọ. Kí a wọ aṣọ òwú tí ó bo apá àti ẹsẹ̀, àti bàtà. Aṣọ ọ̀rá a máa yọ́ mọ́ ara. Imọ̀ ọ̀pẹ tútù tàbí ẹ̀ka igi eléwé ni kí a fi máa tẹ iná mọ́lẹ̀. Kí a má ṣe máa nà án sókè, nítorí nínà a máa fọ́n ẹ̀ta iná ká. Ẹ̀rọ tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn láti fi fín oògùn sí kòkó wúlò púpọ̀, bí a bá ti fọ̀ ọ́ mọ́ tí a sì rọ omi sí i. Omi rẹ̀ kò tó pa iná ńlá, ṣùgbọ́n ó tó láti mú etí ààlà tutù.

Ẹ̀gbẹ́ iná ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Kí a má ṣe lọ dúró sí iwájú rẹ̀. Láti ẹ̀yìn, ní ìhà ọ̀tún àti òsì, kí a máa pa á bọ̀ títí orí rẹ̀ yóò fi kéré. Iná tí ó ga ju ènìyàn lọ, ẹ má ṣe bá a jà. Ẹ lọ sí ààlà tí ó wà níwájú rẹ̀, kí ẹ dúró dè é níbẹ̀ kí ẹ sì máa pa ẹ̀ta tí ó bá fò kọjá. Fífi iná pàdé iná, iṣẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni. Ọ̀pọ̀ oko ni iná kejì yìí jó tí àkọ́kọ́ kì bá tí dé. Bí iná bá yí ènìyàn ká, ibi tí ó ti jó tán ni kí ó sá wọ̀, nítorí iná kì í padà síbi tí kò ti sí oúnjẹ mọ́. Kí ó má ṣe sá gun òkè níwájú iná. Iná ń yá ju ènìyàn lọ bí ó bá ń gun òkè.

Ẹni tí iná bá jó, omi tútù tí ó mọ́ ni kí a máa dà sí ojú rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Kí a má ṣe fi epo pupa, ẹyin, ọṣẹ ìfọyín tàbí ọ́ìlì mọ́tò sí i. Kí a má ṣe bẹ́ ojú tí ó lé. Kí a fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí iná bá ti rọlẹ̀, iṣẹ́ kò tíì tán. Kùkùté igi lè mú iná sínú fún ọjọ́ púpọ̀. Kí àwọn tí a yàn sùn ti ibẹ̀ ní òru, kí wọ́n máa hú ìdí igi tí ó ń rú èéfín, kí wọ́n fi omi àti iyẹ̀pẹ̀ pa á. Ọ̀pọ̀ iná tí a ní ó tún jó ní ọjọ́ kejì, iná àná tí a kò pa tán ni.

LẸ́YÌN INÁ

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ rin oko náà pẹ̀lú ẹni tí ó ni ín, kí wọ́n kọ iye igi tí ó jó sílẹ̀, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí ẹlẹ́rìí méjì sì fọwọ́ sí i. Láìsí ìwé yìí, kò sí ẹni tí yóò dá wa lóhùn, ìbáà ṣe ìjọba, ìbáà ṣe adójútòfò. Ètò ìdójútòfò iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ti wà láti ọdún 1987. Kí ẹgbẹ́ béèrè ohun tí ó gbà kí iná tó jó, nítorí kò sí ẹni tí í ra ìdójútòfò fún oko tí ó ti di eérú.

Ẹ má ṣe yára gé kòkó tí iná kàn. Ẹ fi ọ̀bẹ họ èèpo rẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá ṣì tutù, ẹ ní sùúrù di òjò. Ó lè yọ ọ̀mùnú láti ìdí, ọ̀kan tí ó dára jù nínú wọn yóò sì di igi tuntun, yóò tètè so ju èyí tí a gbìn láti inú kóró lọ. Níbi tí gbogbo rẹ̀ bá ti kú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ gbìn, kí òjìji lè wà fún kòkó kékeré, kí oúnjẹ sì lè wà fún olóko.

Lórí gbèsè, ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí a má ṣe pa gbèsè rẹ́, nítorí owó ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn ni. Kí a má sì ṣe fi agbára gbà á ní ọdún iná, nítorí ẹni tí a bá já ilé rẹ̀ gbà kì í padà sí ẹgbẹ́, kì í sì í san ìyókù. Kí a sún ọjọ́ sísan síwájú, kí a dá èlé dúró fún àkókò tí ìpàdé gbogbogbò bá fọwọ́ sí, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé kí ó má baà di ojúsàájú. Bí iná náà bá ti oko ọmọ ẹgbẹ́ kan wá, kí ìgbìmọ̀ gbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì kí ọ̀rọ̀ tó di ti ẹbí sí ẹbí. Ẹni tí ó sọ fún aládùúgbò kí ó tó sun ilẹ̀, tí ó sì ro ààlà, kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ Ẹ DÌBÒ LÉ

Ohun mẹ́ta ni a ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìpàdé gbogbogbò tí ń bọ̀. Èkíní, kí ẹ yan ẹ̀ṣọ́ iná mẹ́wàá, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, pẹ̀lú olórí kan. Kí ẹ ránṣẹ́ pe àwọn panápaná àti òṣìṣẹ́ igbó kí wọ́n wá kọ́ wọn. Ẹ má sì ṣe yọ àwọn lébìrà àti àgbàṣe sílẹ̀. Ibùdó wọn wà nínú oko, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rí èéfín. Èkejì, kí ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ nínú oṣù Kọkànlá fún ààlà iná ríro, kí ẹni tí kò bá wá san owó ìtanràn bí ẹni tí kò wá sí ìpàdé. Ẹ̀kẹta, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá owó kékeré kan sínú àpò ọ̀tọ̀, tí a ó máa pè ní owó àjálù, yàtọ̀ sí owó ìpamọ́ tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi dandan lé. Iye rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Inú rẹ̀ ni a ó ti ra kẹ́ẹ̀gì, ọkọ́ àti àdá, tí a ó sì ti fún ẹni tí iná jó oko rẹ̀ ní oúnjẹ oṣù àkọ́kọ́.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í ṣe ilé-iṣẹ́ panápaná, pé iṣẹ́ ìjọba ni. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ ìjọba ni, a kò sì ní dákẹ́ lórí rẹ̀: ìjọba ni ó ni rìsáàfù, ó sì yẹ kí ó máa ro ààlà iná yí i ká lọ́dọọdún, àpapọ̀ ẹgbẹ́ yóò kọ ìwé lórí èyí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí a ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 1935, àwọn àgbẹ̀ kòkó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kóra jọ sábẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé iṣẹ́ wọn ni láti wọn kòkó tàbí láti wá ẹni tí yóò rà á ní iye tí ó tọ́. Wọ́n rí i pé bí wọn kò bá ṣe é, kò sí ẹni tí yóò bá wọn ṣe é. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti iná. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí, olóko kan kò sì lè fi ẹ̀ka igi kan pa iná tí ó ní atẹ́gùn lẹ́yìn.

Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìpinnu ìpàdé rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa kí oṣù Kọkànlá tó wọlé, pẹ̀lú orúkọ olórí ẹ̀ṣọ́ iná rẹ̀ àti nọ́ḿbà fóònù rẹ̀. A ó tẹ iye ẹgbẹ́ tí ó ti ṣe é jáde nínú ìwé ìròyìn wa tí ń bọ̀.  Kí oko wa má jó, kí ilé wa má jó, kí a sì pàdé ní ìkórè mìíràn ní àlàáfíà.